Ìsun Omi Gbígbóná àti Ọmọ tí Imú Rẹ̀ Kì í Gbẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó bá ojú, ó ti bá imú. Kò sí ibi tí òtítọ́ òwe yìí ti hàn gbangba tó ara ọmọ kékeré tí ọ̀fìnkìn wọ̀ lára tí kò sì jáde mọ́. Imú ni ó kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ ojú wú, etí di, orí sì ń fọ́. Lóru, ẹnu ni ọmọ náà fi ń mí. Yóò máa hanrun bí àgbàlagbà, ikọ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ sùn ní yàrá fojú kan oorun. Ní ilé ìwé, olùkọ́ a ní ọmọ náà kì í fetí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa ni.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé dé Kánò, Kàdúná, Sókótó, Bàúṣí àti Jọ́ọ̀sì mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú àti imú ọmọ rí. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún ni ẹ̀fúùfù gbígbẹ ń ti ìhà aṣálẹ̀ wá, tí ó ń ru eruku bí ìyẹ̀fun láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tí ó sì ń fọ́n ọn ká gbogbo òkè Ọya. Ètè a là, awọ ara a ya, ikun imú a gbẹ mọ́ inú imú bí àtè. Òbí a sì sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná.” Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọyẹ́ a kọjá, òjò àkọ́rọ̀ a rọ̀, imú ọmọ kò sì ní dá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀fìnkìn lásán.

YÀRÁ AFẸ́FẸ́ INÚ EGUNGUN OJÚ

Kì í ṣe gbogbo inú egungun ojú ni ó dì gbagidi bí òkúta. Yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn wà níbẹ̀: méjì lábẹ́ ojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, àwọn wẹ́wẹ́ kan láàrin ojú méjèèjì, méjì níwájú orí, àti méjì mìíràn lẹ́yìn imú pátápátá. Sáínọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè wọ́n. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń yọ. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ imú àti ti àárín ojú ni a ń bí mọ́ ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kéré. Àwọn ti iwájú orí kì í hàn dáadáa títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún 6 tàbí 7. Nítorí náà, ọmọ ọdún 3 tí ó ní àìsàn yìí lè máà ráhùn orí fífọ́ rárá. Ikọ́ òru, imú dídí, ikun tí ó ki àti òórùn ẹnu ni ara rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀.

Awọ tí ó tẹ́ inú àwọn yàrá náà ń sun omi yíyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí awọ yìí ni irun wínníwínní wà, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń jù síwá jù sẹ́yìn bí koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ní nǹkan bí ìgbà 10 sí 15 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń gbá ikun àti eruku lọ sí ẹnu ọ̀nà kótópó tí yàrá kọ̀ọ̀kan fi já sí imú. Láti inú imú, ikun náà a gba ẹ̀yìn lọ sí ọ̀fun, ènìyàn a sì gbé e mì láìmọ̀. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú kí awọ náà wú, ẹnu ọ̀nà a dí. Ikun a sé sínú, a ki, irun wínníwínní kò ní lè gbé e mọ́, kòkòrò àrùn a sì rí ibùjókòó.

Ọ̀fìnkìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìjayà. Ọmọ kékeré lè ní in ní ìgbà 6 sí 8 láàrin ọdún kan, kí ara rẹ̀ sì le koko. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń kà sí àìsàn sáínọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ ni èyí tí àmì rẹ̀ kò dá fún ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣiríṣi nǹkan ní ń fà á: ẹran ẹ̀yìn imú tí ó tóbi jù, eruku tí ara ọmọ kò gbà, èéfín igi ìdáná, èéfín sìgá, tàbí ọ̀fìnkìn tí ó ń gun ara wọn lẹ́yìn láìjẹ́ kí awọ imú sinmi.

Wàhálà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn òbí kan ní ilẹ̀ Yúróòpù kó ọmọ wọn lọ sí ìdí ìsun omi gbígbóná lọ́dọọdún. Wọn kò lọ wẹ̀ nínú rẹ̀, wọn kò sì lọ mu ún. Wọ́n lọ fi imú fa oru rẹ̀ ni.

OMI TÍ Ó Ń HÓ NÍNÚ ADÁGÚN

Sirmione jẹ́ ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Ítálì. Ó wà lórí ilẹ̀ tóóró kan tí ó na ọrùn sínú adágún Garda, adágún tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Àwókù ilé ńlá kan tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì kọ́ ṣì wà ní ṣóńṣó ilẹ̀ náà títí di òní. Ní ibì kan lójú adágún yìí, omi a máa hó yàyà bí ìgbà tí ìkòkò bá wà lórí iná, òórùn imí ọjọ́ a sì máa ti ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 1889, òmùwẹ̀ kan tí ń jẹ́ Procopio sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ adágún, nǹkan bí mítà 20, ó sì ki páìpù bọ inú pàlàpálá àpáta tí omi náà ti ń sun. Láti ọjọ́ náà ni omi gbígbóná yìí ti di ohun tí a lè fà wá sórí ilẹ̀. Boiola ni orúkọ ìsun náà, ooru rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n 69 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé òjò tí ó rọ̀ sórí òkè Monte Baldo, lẹ́bàá adágún náà, ni ó ń rì wọ inú àpáta lọ jìnnà réré, dé ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti ń sè é. Bí ó ti ń rìn nínú òkùnkùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń kó iyọ̀, imí ọjọ́, brómíìnì àti áyódíìnì mọ́ra, kí ó tó tún padà gòkè wá.

Ilẹ̀ Faransé náà ní irú ìlú báyìí. La Bourboule wà láàrin àwọn òkè Auvergne, ní ibi tí ó fi nǹkan bí mítà 850 ga ju ojú òkun lọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n sí ìlú ìtọ́jú àwọn ọmọdé tí imú, ọ̀fun tàbí àyà ń dà láàmú. Ọjọ́ 18 ni ìtọ́jú máa ń gbà ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 12 ni ti Ítálì. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ìwé dókítà ni a fi ń wọlé, ètò ìlera ìjọba sì ń bá òbí gbé lára owó náà. Ọdún 1978 ni Ítálì fi òfin dá ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀, àìsàn sáínọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ sì wà lára àwọn àìsàn tí ènìyàn fi lè gba ìtọ́jú omi lábẹ́ ètò náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ ỌMỌ NÍBẸ̀

Dókítà ni ó ń kọ́kọ́ rí ọmọ. Yóò yẹ imú, ọ̀fun àti etí rẹ̀ wò, yóò sì fetí sí àyà rẹ̀. Ọmọ tí ibà wà lára rẹ̀ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í bá àwọn yòókù wọlé lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ọmọ tí ikọ́ fée gbé dè lọ́wọ́, nítorí oru imí ọjọ́ lè tún fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyà sí i.

Ọmọ tí dókítà bá yọ̀ǹda fún yóò wọ aṣọ rọ́bà sókè ẹ̀wù rẹ̀, yóò sì jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tí a tò mọ́ ara ògiri. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń ṣe. Ti àkọ́kọ́, kùrukùru omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí ooru rẹ̀ kò ju ti ara ènìyàn lọ púpọ̀, ni ó ń fẹ́ sí ọmọ lójú, òun a sì máa rọra fi imú fà á. Ti èkejì, ẹ̀rọ a sọ omi náà di ẹ̀kán tí ó wẹ́ ju ìrì lọ, ọmọ a sì fi ìbòmú tàbí ọ̀pá oníhò méjì gbà á sínú. Títóbi ẹ̀kán yìí ṣe kókó. Èyí tí ó bá tóbi a dúró nínú imú. Èyí tí ó bá kéré jọjọ a kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Fún ọmọ tí sáínọ́ọ̀sì ń dà láàmú, imú ni a fẹ́ kí ó dúró sí.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Omi náà ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, kò sì yani lẹ́nu bí àwọn ọmọ bá ń yínmú sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n a kọ́ ọmọ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀ ọ́n ṣe, èyí ni bí a ti ń fun imú: ihò kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, kí ikun má baà sá gba ọ̀nà etí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni lọ́túnla, títí ọjọ́ yóò fi pé. Kò sí ẹni tí ó ń retí pé kí ọjọ́ kan ṣoṣo wo àìsàn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

KÍ NI OMI NÁÀ Ń ṢE GAN-AN?

Bí a bá yọ òórùn àti òkìkí ìlú náà sílẹ̀, iṣẹ́ omi yìí kò ṣòro láti lóye. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a mú kí ikun tí ó ti le rọ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ a jẹ́ kí ikun náà túbọ̀ ṣàn, kí irun wínníwínní lè tún gbá a lọ. Imí ọjọ́ náà ní agbára láti já ikun tí ó fà bí ilá. Bí a ti ń ṣe èyí lójoojúmọ́, eruku àti ohun tí ara ọmọ kò gbà a máa bá omi lọ, awọ imú a sì rí ààyè fà.

Àwọn oníṣègùn ní Ítálì àti Faransé ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé imú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú là sí i. Síbẹ̀, ohùn àwọn oníṣègùn kò ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí kò kó ènìyàn púpọ̀ jọ, ó sì ṣòro láti ya iṣẹ́ omi sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn nǹkan mìíràn. Ọmọ tí ó lo ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 lórí òkè tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, tí ó jìnnà sí èéfín ìlú àti sí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kó ọ̀fìnkìn ran ara wọn, yóò kúkú yá díẹ̀ bí kò tilẹ̀ fa oru kankan símú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera ìjọba kì í rán ọmọ lọ sí ìsun omi nítorí imú.

Ohun kan wà tí àríyànjiyàn kò pọ̀ lé lórí. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn àgbà oníṣègùn imú ní Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2020 gbà pé kí a máa fi omi iyọ̀ fọ imú ọmọ tí àìsàn yìí ti pẹ́ lára rẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé ó di dandan kí omi náà ti abẹ́ adágún wá. Omi mímọ́ àti iyọ̀ ni ó sọ. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún òbí tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú.

IKOGOSI ŃKỌ́? WIKKI ŃKỌ́?

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí lè ronú pé Ọlọ́run kò fi ìsun omi gbígbóná dù wá. Ní Ikogosi, ní ilẹ̀ Èkìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ń sun nítòsí ara wọn, wọ́n sì ń pàdé. Ní Wikki, nínú ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, omi náà mọ́ gaara, ooru rẹ̀ sì ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 31 tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Bauchi àti Jọ́ọ̀sì a máa kó ìdílé wọn lọ síbẹ̀ lákòókò ìsinmi, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe bu omi ibẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ó lọ máa rọ ọ́ sí ọmọ nímú.

Ìdí pàtàkì wà fún ìkìlọ̀ yìí. Ẹ̀dá alààyè kan tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní Naegleria fowleri, a máa gbé inú omi odò àti ìsun tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ènìyàn bá mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá wọ imú lọ sókè, ẹ̀dá yìí lè gba ibẹ̀ dé inú ọpọlọ, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó sì ń yè é. Ní ọdún 1965 ni àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Ọsirélíà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ikú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, ènìyàn 2 kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí a kò sè fọ imú. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní àpadàrà.

Ní Sirmione àti La Bourboule, páìpù tí a dé pa ni omi ń gbà dé ẹnu ẹ̀rọ, a sì ń yẹ omi náà wò nígbà gbogbo nítorí kòkòrò. Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàrin ibẹ̀ àti odò gbangba nìyẹn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍKÀÁWỌ́ ÒBÍ

Omi iyọ̀ tí a lè lò nílé kò gba agbára. Kí òbí gbé omi mímọ́ lítà 1 kaná, kí ó jẹ́ kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Iyọ̀ gíráàmù 9 ni yóò bù sí i, èyí tí ó tó ṣíbí ìmu-tíì 1 àti ààbọ̀ tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ó dé e títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́ níwọ̀n tí ọwọ́ gbà, kí ó sì rọ ọ́ sínú ìgò tí a ti fi omi gbígbóná fọ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, kí ó dà á nù.

Fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀kán 2 tàbí 3 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan ti tó, lẹ́yìn náà kí a nu ohun tí ó bá jáde. Ọmọ tí ó ti gbọ́n lè tẹríba lórí bàsíà kí ó la ẹnu, kí a sì fi ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu rọra ta omi náà sí i nímú, kí ó sì máa ṣàn jáde. A kì í ṣe é fún ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, a kì í sì í fi agbára mú un. Bí etí bá ń ro ó, kí a dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà yìí lè ra omi iyọ̀ tí a ti pò fún imú ní ilé oògùn tí ó níwèé àṣẹ.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń gbé ìkòkò omi híhó síwájú ọmọ, tí a ń fi òróró amúnútutù sí i, tí a sì ń da aṣọ bo ọmọ lórí kí ó lè fa oru náà. Ìfẹ́ ni òbí fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè da omi híhó sí itan àti ikùn ara rẹ̀. Àwọn oníṣègùn tí ń tọ́jú ẹni tí iná tàbí omi gbígbóná jó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ju ẹyọ kan lọ. Oru ẹ̀rọ Sirmione kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ sì wà nídìí rẹ̀. Bákan náà ni kí a má ṣe fún ewé tí a kò fọ̀ sí ọmọ nímú, kí a má sì ṣe bu kápúsù tí ó ṣẹ́kù lára oògùn ẹlòmíràn fún un.

Ní àkókò ọyẹ́, kí a máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí a máa fi ìgbálẹ̀ ru eruku sókè. Kí a gbé sítóòfù àti igi ìdáná jìnnà sí ibi tí ọmọ ń sùn, kí baba tí ń mu sìgá sì jáde síta.

ÀMÌ TÍ A KÌ Í FI ṢERÉ

Bí ó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ni ikun tí ń rùn ti ń jáde, kí òbí má ṣe ta omi sí i. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti ki ìlẹ̀kẹ̀, èso àgbàdo tàbí ẹ̀wà bọ ọ́. Dókítà ni yóò yọ ọ́.

Bí ojú bá wú tàbí tí ó pọ́n, bí ọmọ bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, bí ibà bá ga, bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan tí ó sì ń bì, tàbí bí ọrùn rẹ̀ bá le, kí ilẹ̀ má ṣe ṣú kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Egungun tí ó wà láàrin sáínọ́ọ̀sì àti ojú fẹ́lẹ́ bí ìwé, ọpọlọ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ọmọ tí imú rẹ̀ kò dá fún oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ rí oníṣègùn imú, etí àti ọ̀fun, bí kò tilẹ̀ sí ìrora. Irú wọn wà ní National Ear Care Centre ti ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Zaria, Kánò àti Jọ́ọ̀sì.

Kò di ìgbà tí òbí bá gbé ọmọ dé etí adágún Garda kí ó tó lè tọ́jú imú rẹ̀. Omi tí a sè, iyọ̀ tí a wọ̀n, ọwọ́ tí ó mọ́, sùúrù ojoojúmọ́ àti ìmọ̀ràn dókítà ni àwọn tí ń lọ síbẹ̀ náà ń rí gbà. Kí a má dúró de ọyẹ́ mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin.